Patanmọ́ Mẹ́tàlélógún

Ní Akọ́kà, yàrá kan wà tó ń rùn bíi káfúrà àti bébà àtijọ́.
Èmi Ṣẹ̀wánù ni mo ń gbá a,
èmi náà ni mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé gbígbẹ tó bá ṣí kúrò lára páálí.
Lọ́jọ́ Ajé ọ̀gá ní: "Kó gbogbo patanmọ́ jáde,
tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí,
ká lè mọ ọ̀nà tó gbà wọ Èkó."

Mẹ́tàlélógún ni mo bá.
Ewé wínníwínní, ọmọ ìyá ẹ̀wà
tí ẹnikẹ́ni kì í sè.

Ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá: ojú irin Ìdó, oṣù kẹfà, 1938.
Lẹ́tà tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí rélùwéè fẹ́ fi sílẹ̀:
*A. T. Kóólù, akọ̀wé. Ó wà láàárín òkúta. Ìdì méjì péré.*
Méjì péré! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ẹni bá la pápá Akọ́kà kọjá lónìí láìwọ bàtà
yóò pe orúkọ ìyá rẹ̀.

1944, Èbúté Mẹ́ta, ẹ̀yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́: *Ó ti di ẹní.*
1951, Yábà: *Ẹ̀gún. Àwọn ọmọ ti kó bọ́ọ̀lù wọn lọ.*
Ìwé ìròyìn tó fi tẹ ìyẹn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀:
owó kòkó gbéra,
ẹnìkan ń ta kẹ̀kẹ́, kò lò ó ju oṣù mẹ́ta lọ.

Lẹ́yìn 1959, òfo.
Ogún ọdún òfo,
kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, tí wọ́n já tiwọn
lẹ́bàá ilé oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni kò jìnnà.
Ọ̀gá fa ìlà pupa sórí máàpù: "Ó sinmi níhìn-ín."
Mo ní: Ọ̀gá, Kóólù ló sinmi.
Ẹsẹ̀ Kóólù lẹ ń yà látàárọ̀.
Ní Ìwáyà, nínú ogún ọdún yẹn, mo jẹ́ ọmọ ọdún méje,
mò ń fi ìka kan patanmọ́ lẹ́yìn ilé ẹja wa,
mò ń sọ fún un pé àlejò ń bọ̀, kó palẹ̀ itan mọ́.
Ta ló kọ ìyẹn sílẹ̀?
Ọ̀gá wò mí. Kò pa ìlà náà rẹ́.

Nǹkan kan tún wà.
Méjìlélógún ló pa dé, bí ẹ̀dá wọn.
Ẹ fọwọ́ kàn án, ó ti kú fún yín.
Ṣùgbọ́n ti 1959, ti itẹ́ òkú Àtàn,
ṣí sílẹ̀ gbayawu, bí ìyẹ́ tí ẹyẹ fúnra rẹ̀ tò.
Báwo ló ṣe mú un tí kò fi mọ̀?

Mo lọ sí Àtàn kí ilẹ̀ tó mọ́: ó ń sùn, ó pa dé.
Mo lọ lọ́sàn-án, mo yọ́ kẹ́lẹ́ bí olè adìẹ: ó pa dé.
Mo padà wá ka ohun tí Kóólù kọ, tí mo ti ń fò:
*Àtàn, ọjọ́ Àìkú. Ibi tí mo máa ń jókòó sí.*
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí orúkọ ibojì.

Mo já ìkẹrìnlélógún lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn wa níbí.
Mo kọ ọ́: *Ó ti kọjá kíkà. Ewé pa dé. Ṣ. Hùnsu.*

Nígbà tí mo bọ́ ṣòkòtò lálẹ́, ní Ìwáyà,
èso mẹ́ta lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, onírun ẹ̀gún.
Mo ká wọn sórí fèrèsé, mò ń wò wọ́n.
Kóólù, ará Ìdó,
ṣòkòtò ta ló gbé e dé Àtàn?